Nàìjíríà àti Àṣẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ìkéde Ọdún 1965 àti Àtúnṣe Ọdún 1998

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe gba àṣẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ọdún 1965 láìyọ irú ẹjọ́ kankan sílẹ̀, àti bí ó ṣe wá fi gbólóhùn àyàfi mẹ́sàn-án pààlà sí àṣẹ náà ní ọdún 1998, nígbà tí ẹjọ́ Bakassi ti wà níwájú àwọn adájọ́. Ó tọ pinpin ìtàn ẹjọ́ náà láti ìgbà tí Kamẹrúùnù pè é ní ọdún 1994 títí di ìgbà tí Nàìjíríà kó kúrò ní ilẹ̀ náà ní ọdún 2008. Àbájáde rẹ̀ ni pé gbólóhùn àyàfi a máa ṣe ẹni tí ó bá kọ ọ́ kí aáwọ̀ tó dé láǹfààní, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹni tí ó kọ ọ́ nígbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni odi tí a mọ láti dí ọ̀nà mọ́ olùpẹjọ́ ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó mọ ọ́n pẹ̀lú.

Ìfáàrà

Ní ìlú Yorùbá àtijọ́, bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì gbé ẹjọ́ lọ sí ààfin, kò sí ẹni tí yóò bi ìdílé kejì léèrè bóyá ó gbà kí ọba gbọ́ ẹjọ́ náà tàbí kò gbà. Bí ìránṣẹ́ ọba bá ti dé, a ó jẹ́ ìpè. Ọba ni ó ni àṣẹ lórí ìdílé méjèèjì, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dá dúró, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni ọba láàyè ara rẹ̀, kò sì sí ààfin kan tí ó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Nítorí náà, ilé ẹjọ́ tí yóò bá dá ẹjọ́ láàrin wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé àwọn tí ó ń jà ti gbà kí òun dá a.

Ibi tí ìṣòro wà ni bí ìgbà náà ṣe gbòòrò tó. Orílẹ̀-èdè kan lè sọ pé òun gbà, kí ó má fi ohunkóhun kún un. Òmíràn lè sọ pé òun gbà, àyàfi lórí ọ̀rọ̀ ogun, àyàfi lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àyàfi lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí òun tó gba òmìnira. Nàìjíríà ti wà ní ipò méjèèjì. Láti ọdún 1965 sí 1998, ó wà ní ipò àkọ́kọ́; láti ọdún 1998 ni ó ti bọ́ sí ipò kejì. Ohun tí ó fà á tí ó fi kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni ẹjọ́ tí ó pàdánù ilẹ̀ Bakassi sí. Láti mọ ohun tí Nàìjíríà rí gbà nínú ìyípadà yìí àti ohun tí ó ná an, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìlànà tí Ilé Ẹjọ́ náà ń tẹ̀ lé.

Ìlànà Ìfínnúfíndọ̀gbà

Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, tí ó fi ìlú Hague ní orílẹ̀-èdè Netherlands ṣe ibùjókòó, ni ilé ẹjọ́ àgbà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ẹjọ́ fi ń dé iwájú rẹ̀. Èkínní ni kí àwọn tí ó ní aáwọ̀ jọ kọ ìwé àdéhùn pé kí ilé ẹjọ́ bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ kan pàtó. Èkejì ni kí gbólóhùn kan ti wà nínú àdéhùn tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọn yóò gbé aáwọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, wà ní abala 36, ìpín kejì, nínú òfin tí ó gbé Ilé Ẹjọ́ náà kalẹ̀. Abala yìí gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti kéde fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú un, pé òun gba àṣẹ Ilé Ẹjọ́ lórí aáwọ̀ òfin láàrin òun àti orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó bá ti kéde bákan náà.

Kì í ṣe òní ni ìlànà yìí ti wà. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ilé ẹjọ́ tí ó ṣáájú èyí tí ó wà lónìí, ní ọdún 1920, àwọn kan fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ dandan, àwọn alágbára sì kọ̀. Raul Fernandes, aṣojú orílẹ̀-èdè Brazil, ni ó dábàá ọ̀nà àárín: ẹni tí ó bá wù ni kí ó gbà, àwọn tí ó bá sì ti gbà ni kí ó di dandan láàrin ara wọn. Láti ìgbà náà ni ìlànà méjì ti ń rìn pọ̀. Ọ̀kan ni ìfínnúfíndọ̀gbà. Èkejì ni "gbà fún mi kí n gbà fún ọ", èyí tí ó túmọ̀ sí pé ibi tí àṣẹ tí ẹni méjì gbà bá ti pàdé nìkan ni ilé ẹjọ́ ti lè dájọ́. Bí ẹni kan bá yọ nǹkan sílẹ̀ nínú ìkéde tirẹ̀, ẹni kejì náà lè di ìyọsílẹ̀ yẹn mú bí ẹni pé òun gan-an ni ó kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò fi ìkéde wọn sílẹ̀ gbalasa. Nígbà tí Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 1946, ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́lé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní òun fúnra òun ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ní ọdún 1955, Portugal kéde ní ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ó sì pe Íńdíà lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 22, oṣù kan náà. Íńdíà fi ẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n ní ọdún 1957 Ilé Ẹjọ́ sọ pé kò sí ohun tí ó lòdì sí òfin nínú rẹ̀. Àwọn tí ó lójú inú kọ́ ẹ̀kọ́ lára Íńdíà. Ní ọdún 1958, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kún ìkéde tirẹ̀ pé ẹni tí ìkéde rẹ̀ kò bá tíì pé oṣù méjìlá kò gbọdọ̀ fi pe òun lẹ́jọ́. Òkèèrè ni alójú jíjìn ti í mẹ́kún sun.

Ìwé Ìkéde Ọdún 1965

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 7, oṣù kan náà. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 1965, lásìkò ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, ó fọwọ́ sí ìwé ìkéde tí ó fi gba àṣẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ni ìwé náà wọ ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ. Kò gùn rárá. Àṣẹ Ilé Ẹjọ́ lórí gbogbo aáwọ̀ òfin ni ó gbà, ohun kan ṣoṣo tí ó sì béèrè fún ni kí ẹni kejì náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Kò yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀, kò sì fi àkókò kankan sí i.

Ó rọrùn láti fi ojú òní bu àwọn tí ó kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n a kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Ní ọdún 1960, Ethiopia àti Liberia ti pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ ní Hague nítorí ìwà ìyanijẹ tí ó ń hù ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Namibia lónìí. Ìrètí pọ̀ pé ilé ẹjọ́ yóò ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tuntun. Ọdún 1966 ni Ilé Ẹjọ́ tó já ìrètí yẹn kulẹ̀, nígbà tí ó sọ pé ẹ̀tọ́ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn olùpẹjọ́. Ní ọdún 1965, Agbẹjọ́rò Àgbà fún Nàìjíríà ni Taslim Olawale Elias, ọmọ bíbí Èkó, ògbóǹtarìgì nínú òfin, tí òun fúnra rẹ̀ padà di adájọ́ ní Hague ní ọdún 1976 àti Ààrẹ Ilé Ẹjọ́ náà láti ọdún 1982 sí 1985. Orílẹ̀-èdè tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti máa bẹ̀rù òfin.

Síbẹ̀, àmì wà nílẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 1965 yẹn náà ni Kenya kéde tirẹ̀, ó sì fi gbólóhùn àyàfi bíi mélòó kan sí i. Èyí tí ó tún sún mọ́ ilé jù ni ti Kamẹrúùnù. Ní ọdún 1961, Kamẹrúùnù ti pe Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ nítorí apá àríwá ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún náà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1963, Ilé Ẹjọ́ kọ̀ láti dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ìdájọ́ kò lè yí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ padà mọ́. Nígbà náà, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó kọ ìwé tirẹ̀, ó ti hàn gbangba pé aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn mọ ọ̀nà Hague.

Ọ̀nà tí Bakassi Gbà Dé Hague

Bakassi jẹ́ ilẹ̀ ẹrẹ̀ àti igbó etí omi tí ó yọ sínú òkun níbi tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ti pààlà. Apẹja ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀, àwọn Efik àti àwọn ará agbègbè Calabar mìíràn sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar Àtijọ́ bá Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé kí ó máa dáàbò bo ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1913, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà bá Jámánì, tí ó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ṣe àdéhùn ààlà tí ó fi Bakassi sí ọwọ́ Jámánì. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n bi àwọn ọba náà léèrè.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Kamẹrúùnù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1961, apá gúúsù èyí tí ó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù lọ. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1975, Yakubu Gowon àti Ahmadou Ahidjo fọwọ́ sí ìwé kan ní Maroua lórí ààlà ojú omi. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, àwọn ìjọba tí ó sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ìwé náà kò fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Aáwọ̀ náà ń rú, ó ń rọlẹ̀, títí di oṣù Kejì ọdún 1994, nígbà tí àwọn ọmọ ogun méjèèjì kọjú ìbọn síra wọn ní Bakassi.

Ọjọ́ Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1994, Kamẹrúùnù kó ìwé ìkéde tirẹ̀ lọ bá Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọjọ́ 29, oṣù kan náà, ó pe Nàìjíríà lẹ́jọ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni ó wà láàrin méjèèjì. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ó fi ọ̀rọ̀ adágún Chad àti gbogbo ààlà ilẹ̀ tó kù kún ẹ̀sùn rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, Nàìjíríà gbé àtakò ìṣáájú mẹ́jọ kalẹ̀ láti sọ pé Ilé Ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà. Èyí tí ó wúwo jù nínú wọn ni àkọ́kọ́. Nàìjíríà ní òun kò mọ̀ rárá pé Kamẹrúùnù ti kéde, nítorí pé nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tí ó kéde ni Akọ̀wé Àgbà tó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Ó ní ìwà àìṣòótọ́ ni kí ẹni kan yọ́ wọlé kí ó sì ti inú ilé náà yọ idà. Ìròyìn ọ̀rọ̀ yìí wọni lára, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ kò gbà á. Nínú ìdájọ́ ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 1998, ó tẹ̀ lé ìlànà ẹjọ́ Portugal àti Íńdíà: ọjọ́ tí ìwé ìkéde bá wọ ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ní ẹni tí ó bá ti kéde ti na ọwọ́ sí gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti bá a wọ àdéhùn lójú ẹsẹ̀.

Ilé Ẹjọ́ tún sọ gbólóhùn kan tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà fi sọ́kàn. Ó rán Nàìjíríà létí pé ní ọdún 1965, ó lè fi irú àyàfi tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ní ọdún 1958 sínú ìkéde rẹ̀, bí nǹkan bí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá mìíràn ti ṣe, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Adájọ́ mẹ́rìnlá ni ó kọ àtakò àkọ́kọ́ yìí. Mẹ́ta ni kò fara mọ́ wọn: Weeramantry ọmọ Sri Lanka, Koroma ọmọ Sierra Leone, àti Bola Ajibola, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí Nàìjíríà yàn láti jókòó fún ẹjọ́ yìí nìkan. Ajibola kì í ṣe àlejò níbẹ̀: òun ni wọ́n yàn sí àyè Elias nígbà tí Elias kú ní ọdún 1991, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1994. Nínú àtakò méje tó kù, Ilé Ẹjọ́ kọ mẹ́fà, ó sì fi èyí tí ó kẹ́yìn sílẹ̀ di ìgbà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ gan-an.

Gbólóhùn Àyàfi Mẹ́sàn-án

Kí ìdájọ́ oṣù Kẹfà yẹn tó jáde ni Nàìjíríà ti sáré lọ tún ìkéde rẹ̀ kọ. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 1998, Tom Ikimi, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, fọwọ́ sí ìwé tuntun ní Àbújá. Ọjọ́ kejì ni ó wọ ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà. Ìwé náà ṣì gba àṣẹ Ilé Ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó yọ irú aáwọ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀.

Bí a bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìtàn ẹjọ́ Bakassi ni. Àyàfi kìíní kọ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí ìkéde rẹ̀ kò bá tíì pé oṣù méjìlá: ìdáhùn sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Kamẹrúùnù nìyẹn. Èkejì kọ ẹjọ́ tí a bá fi rọ́pò irú èyí. Ẹ̀kẹta yọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin kọ ẹni tí ó bá kéde nítorí aáwọ̀ kan ṣoṣo. Ìkarùn-ún fi ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ti gbà láti yanjú lọ́nà mìíràn sí apá kan. Ẹ̀kẹfà yọ ọ̀rọ̀ ìjà àti ogun, ti abẹ́lé àti ti òkèèrè. Ìkeje yọ orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà kò bá ní àjọṣe ìjọba-sí-ìjọba. Ìkẹjọ ni ó ṣe kókó jù: ó yọ gbogbo aáwọ̀ lórí ààlà, ìbáà jẹ́ ti ilẹ̀, ti òkun, ti adágún tàbí ti òfuurufú, àfi bí Nàìjíríà bá fi àdéhùn àkànṣe gbà á. Ìkẹsàn-án yọ ohunkóhun tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá ti wà ṣáájú òmìnira. Ọdún 1884 àti 1913 wà nínú èyí. Ní ìparí, Nàìjíríà ní òun lè yí ìwé náà padà tàbí kí òun fà á sẹ́yìn nígbàkígbà, kí ó sì múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìwé tí ó pé ni, ṣùgbọ́n kò kan ẹjọ́ tí ó ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 1953 ni Ilé Ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ pé bí àṣẹ bá wà ní ọjọ́ tí a pe ẹjọ́, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ìkéde lẹ́yìn náà kò lè gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, a kì í ṣà á. Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọdún 1984, Amẹ́ríkà sáré kọ̀wé pé ìkéde òun kò kan aáwọ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà mọ́. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni Nicaragua pè é lẹ́jọ́. Ilé Ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1946 pé òun yóò fún ayé ní oṣù mẹ́fà kí òun tó fa ìkéde sẹ́yìn, nítorí náà ìwé tuntun náà pẹ́ jù. Amẹ́ríkà pàdánù ẹjọ́ náà ní ọdún 1986, ó sì ti fa ìkéde rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Láti ìgbà náà, nínú àwọn márùn-ún tí ó ní ìjókòó títí láé nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìkéde rẹ̀ ṣì dúró, tòun ti àyàfi tirẹ̀.

Ìdájọ́ Ọdún 2002 àti Ohun tí ó Tẹ̀ Lé e

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, ọdún mẹ́jọ ààbọ̀ lẹ́yìn tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ dá Bakassi fún Kamẹrúùnù pẹ̀lú ìbò mẹ́tàlá sí mẹ́ta. Koroma, Rezek ọmọ Brazil, àti Ajibola ni ó wà ní apá kejì. Àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tí Richard Akinjide ọmọ Ìbàdàn wà lára àwọn aṣíwájú wọn, ti sọ pé ààbò ni àwọn ọba Calabar béèrè ní ọdún 1884, wọn kò fún Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò sì lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn adájọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lábẹ́ òfin ìgbà náà, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ láti pààlà ilẹ̀ náà ní ọdún 1913, pé ìwà Nàìjíríà fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì fi hàn pé ó gba ààlà yẹn. Ilé Ẹjọ́ fi ìlà ààlà adágún Chad sí ibi tí Kamẹrúùnù tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan lórí ilẹ̀, ó gba ohun tí Nàìjíríà sọ.

Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, àwọn kan sì ń pe ogun. Ogun kò bẹ́. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2002, Olusegun Obasanjo àti Paul Biya pàdé lọ́dọ̀ Kofi Annan ní Geneva, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ alájùmọ̀ṣe sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2006, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2008, Nàìjíríà fi ìyókù ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Àdéhùn náà sọ pé a kò gbọdọ̀ lé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé Bakassi kúrò, a kò gbọdọ̀ fi ipá yí ọmọ-ìlú wọn padà, a sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa pẹja wọn lọ. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó kó ẹrù wọn padà sí ìpínlẹ̀ Cross River, tí wọ́n sì di àtìpó láàrin àwọn ènìyàn wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọn kò bi léèrè ní ọdún 1913, tí wọn kò bi ní ọdún 1965, tí wọn kò sì bi ní ọdún 1994.

Ǹjẹ́ Àyàfi Ìbá Ti Gba Bakassi Là?

Àwọn kan gbà pé bí ìwé ọdún 1965 bá ní irú àyàfi tí ó wà nínú ti ọdún 1998, Bakassi ìbá ṣì wà lọ́wọ́ Nàìjíríà. Òótọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Bí àyàfi oṣù méjìlá bá wà, Kamẹrúùnù ìbá dúró di oṣù Kẹta ọdún 1995, Nàìjíríà ìbá sì ti rí àyè tún ìkéde rẹ̀ kọ. Bí àyàfi ọ̀rọ̀ ààlà bá wà, ìkéde náà kì bá tí ṣeé fi pe ẹjọ́ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n àyàfi lè dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, kò lè fa ìwé àdéhùn ya. Ìwé ọdún 1913 ìbá ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun méjèèjì ìbá sì ṣì wà nínú ẹrẹ̀ Bakassi tí wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ohun tí àyàfi ìbá fún Nàìjíríà ni àkókò àti àyè láti dúnàádúrà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ohun tí àyàfi ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Faransé ti jìyà rẹ̀ rí. Ó pe Norway lẹ́jọ́ lórí owó tí Norway yá, ṣùgbọ́n ìkéde Faransé yọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣe rí i. Norway di àyàfi náà mú, ó ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé òun nìyí, Ilé Ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ Faransé nù ní ọdún 1957. Lọ́nà kan náà, bí aládùúgbò kan bá kọjá ààlà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́la, Nàìjíríà kò lè fi ìkéde ọdún 1998 pè é lẹ́jọ́ bí aládùúgbò náà kò bá fẹ́; yóò sọ pé ẹni tí ó ń pe òun ni ó kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ààlà sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè Togo, tí ó kéde ní ọdún 1979, kò yọ irú ẹjọ́ kankan sílẹ̀, nítorí náà kò sí àyàfi tirẹ̀ tí ẹlòmíràn lè fi dí i lọ́nà.

Ọ̀nà tí ó ṣẹ́ kù fún Nàìjíríà ni àdéhùn àkànṣe, èyí tí àyàfi ìkẹjọ fúnra rẹ̀ mẹ́nu kàn. Kì í ṣe ọ̀nà burúkú. Ní ọdún 2001, orílẹ̀-èdè Benin àti Niger fọwọ́ sí àdéhùn pé kí Ilé Ẹjọ́ bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ ààlà wọn àti àwọn erékùṣù inú odò Ọya. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2005, ìdájọ́ jáde: nínú erékùṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógún jẹ́ ti Niger, títí kan Lété tí wọ́n torí rẹ̀ jà, mẹ́sàn-án sì jẹ́ ti Benin. Kò sí èyí tí ó lè sọ pé wọ́n bá òun lójijì. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tí ó bá fẹ́ nìkan ni ó lè gba ọ̀nà yìí. Ẹni tí ó ń jẹ ilẹ̀ onílẹ̀ kì í sábà fẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí a yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ìwé ọdún 1965 kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, ìwé ọdún 1998 kò sì jẹ́ ìwà ojo. Ìgbàgbọ́ nínú òfin ni ó bí ti àkọ́kọ́, ìrora ni ó bí èkejì. Àléébù ti àkọ́kọ́ ni pé àwọn alákòóso kò tún padà yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ààlà ìlà-oòrùn kò fararọ. Àléébù èkejì ni pé ojú ìyà àná ni ó fi wo ọ̀la. Ìkéde bí èyí kò yẹ kí ó di ohun tí a ń kọ nígbà ayọ̀ tí a sì ń tún kọ nígbà ìbínú. Ó tọ́ kí àwọn onímọ̀ òfin, àwọn aṣòfin àti àwọn tí ó ń gbé ní ẹnu ààlà máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà, nígbà tí kò sí ẹjọ́ nílẹ̀.

Yorùbá a máa sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Bakassi, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sún mọ́ òdìkejì òwe yìí. Bola Ajibola, tí ó kọ ìdájọ́ ọdún 2002 ní ìlú Hague, ni Nàìjíríà fi ṣe olórí àwọn aṣojú rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ alájùmọ̀ṣe tí ó mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Ó gbà pé ẹjọ́ náà kò tọ́, ó sì gbà pé a gbọ́dọ̀ pa á mọ́, nítorí pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ọdún 1965 pé òun gbà.